Ẹ Bi Wáyà Léèrè Ibi Tó Ń Lọ

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ tó ní ihò wáyà lára ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Mo sanwó ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ìwé tó yẹ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóṣù kẹta sì di oṣù kẹsàn-án kí n tó rí i. Ẹ̀rọ náà kò jó, ẹnikẹ́ni kò sì lù mí ní jìbìtì. Mo kàn pe ihò kan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Kí n má parọ́, mo ti ń fura pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kàbà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Inverter àti sólà ni mò ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, kó tó di pé nọ́ọ̀sì kan láti ilẹ̀ Bùnú gbé ọ̀rọ̀ fíríìjì àjẹsára wá bá mi. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń tọ́jú àjẹsára sí. Bí iná bá lọ lóru, tí bátìrì náà sì kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ á sì ti tò sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé ohun tó wà nínú fíríìjì ti bàjẹ́. Mo wá ṣe àpótí oníke kékeré kan tó ń wo ìgbóná fíríìjì, tó sì ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́. Ọ̀kan di mẹ́ta, mẹ́ta di mọ́kànlá, láti Ìyàrà dé Mọ̀pà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀yìn àpótí náà ṣe rí, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọwọ́ òsì, ihò ṣájà 12 V ló kọ́kọ́ wà. Ihò USB tí mo fi ń yí ètò inú rẹ̀ padà ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ihò onígun mẹ́rin méjì: mo kọ SENSOR sórí ọ̀kan (ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìgbóná), mo kọ LAN sórí èkejì (ti nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ǹpútà). Bí ìbejì ni àwọn méjèèjì rí. RJ45 ni wọ́n, irú ihò tí wọ́n sábà máa ń ki wáyà nẹ́tíwọ̀kì bọ̀. Ìdí tí mo fi lo RJ45 fún sẹ́ńsọ̀ kò ju pé orí wáyà náà wọ́pọ̀ lọ́jà, ọmọ iṣẹ́ mi sì mọ̀ ọ́n gán dáadáa. Ohun tó ń gba inú ihò SENSOR kọjá kì í ṣe Ethernet tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì rárá, RS-485 ni, ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀rọ àti sẹ́ńsọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà.

Àjọ kan tó ń ra irinṣẹ́ fún ilé ìwòsàn gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ 200. Orí mi wú. Àmọ́ wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé ìdánwò wá pé ẹ̀rọ náà bá ìlànà CISPR 32 mu, ní Class B. N kò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo wá a kiri títí mo fi mọ̀ pé CISPR ni ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ariwo tí ẹ̀rọ iná ń fi dí rédíò lọ́wọ́, pé wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1934, àti pé CISPR 32, tó kọ́kọ́ jáde ní 2012, ló gba ipò ìlànà 13 tó wà fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n àti ìlànà 22 tó wà fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà ti 2015 ni wọ́n ní kí n lò. Class B ló le jù nínú ìpele méjèèjì, nítorí pé ilé gbígbé ló wà fún, níbi tí rédíò aládùúgbò ti sún mọ́ ẹ̀rọ rẹ. Lọ́dọ̀ wa, ilé àwọn nọ́ọ̀sì ló máa ń wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn gan-an, nítorí náà n kò lè sọ pé wọ́n ń yọ mí lẹ́nu lásán.

Nínú ìwé yẹn, pọ́ọ̀tù kì í ṣe ihò nìkan. Ara àpótí fúnra rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ̀tù, torí ariwo ń gba ibẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Ibi tí iná ń gbà wọlé jẹ́ pọ́ọ̀tù. Àwọn ihò tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ló wá pín sí méjì tó fa ìjàngbọ̀n mi: wọ́n pe ọ̀kan ní wired network port, wọ́n pe èkejì ní signal/control port. Kí ọ̀rọ̀ lè yá, n ó máa pè wọ́n ní pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ̀kì àti pọ́ọ̀tù ìdarí. Ìyàtọ̀ wọn dé àpò. Tó bá jẹ́ pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n á wọn ariwo tó ń bá wáyà rẹ̀ jáde, láti 150 kHz títí dé 30 MHz. Tó bá jẹ́ pọ́ọ̀tù ìdarí, ìdánwò yẹn kò kàn án. Wọ́n á kàn so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń wọn ariwo inú afẹ́fẹ́.

Mo bá ilé-ìdánwò kan ní Ṣáínà dúnàádúrà. Aago tiwọn fi wákàtí méje ṣáájú tiwa, nítorí náà òru ni mo máa ń jókòó ti ímeèlì, pẹ̀lú bátìrì inverter tó ń ké. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni tábìlì gbogbo pọ́ọ̀tù ẹ̀rọ náà: orúkọ rẹ̀, irú wáyà tó ń lọ sínú rẹ̀, bí wáyà náà ṣe gùn tó, ohun tó wà ní òdìkejì. Ojú lásán ni mo fi kọ ọ́. RJ45 méjì? Pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ̀kì méjì. USB? Ìdarí. Ó parí.

Ọ̀dọ́ ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: "Wáyà SENSOR yìí, ibo ló ń lọ?"

Mo ní inú fíríìjì ni. Mítà méjì, ó parí síbẹ̀.

Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ̀kì. Apá ẹ̀rọ kan náà ló so pọ̀, kò jáde lọ bá nẹ́tíwọ̀kì kankan. Ó ní bí RJ45 ṣe rí kò kan ìlànà náà. Ihò lásán ni. Ó ní ìlànà 22 àtijọ́ tilẹ̀ sọ pé ihò tó kàn ń so apá ẹ̀rọ kan náà pọ̀, bíi USB, a kì í kà á mọ́ ti nẹ́tíwọ̀kì, bí a bá ti lò ó bí a ṣe ṣètò rẹ̀. Ó yọ ìdánwò kan kúrò, owó sì wálẹ̀.

Ìdùnnú ọjọ́ yẹn ló bà mí jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ẹran lójijì, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìkòkò. Mo wo ihò LAN, mo ní, ìwọ ńkọ́? Tí a bá yọ ìwọ náà kúrò, n kò ní san owó ìdánwò wáyà kankan mọ́.

Mo wá àwíjàre. Mo ti rí i kà pé ìlànà náà ní kí wọ́n ṣe ìdánwò wáyà yìí fún pọ́ọ̀tù tí wáyà rẹ̀ máa gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Wáyà tí mo ń kó sínú páálí pẹ̀lú ẹ̀rọ, mítà méjì ni. Ṣé ẹ rí i? Lójú ara mi, mo ti di lọ́yà. Mo tún ti ka ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ní àwọn kì í wọn wáyà LAN. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé Part 15, òfin FCC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rédíò ní Amẹ́ríkà, wáyà iná ló fi òdiwọ̀n sí. Kò fi sí orí wáyà LAN. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé FCC ni wọ́n ní kí n mú wá. Mo da ìlànà ìlú kan pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì, mo fi ṣe ọbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí ẹnjiníà náà pé a kàn ń fi ihò LAN ṣètò ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, lẹ́yìn náà a yọ ọ́. Ó dáhùn pé, "Ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ṣe é bá sọ pé ó wà fún ni a óò kọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé ìlò yín sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú." Mo ní kò sí wàhálà. Mo fọwọ́ sí tábìlì náà.

Kí n dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ilé-ìdánwò ni ọlọ́pàá, pé tí nǹkan bá wọ́, àwọn ni wọ́n máa mú un. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ohun tí o bá sọ pé ẹ̀rọ rẹ jẹ́ ni wọ́n máa wọ̀n. Bí o bá ní màlúù rẹ ni ewúrẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n bí ewúrẹ́, wọ́n á sì kọ sínú ìwé pé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò yege. Ìwé dé lóṣù kẹta. A pa adìẹ, ìyá mi gún iyán, mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àjọ tó fẹ́ rajà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni èsì dé, ìlà mẹ́ta péré. Ojú ìwé 6 nínú ìwé ìlò mi sọ pé: "Fi wáyà LAN so ẹ̀rọ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ilé ìwòsàn, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ìwé ìdánwò sọ pé ètò nìkan ni ihò LAN wà fún, wọn kò sì wọ̀n ọ́n. Èwo ni òótọ́?

Mo ka ìlà mẹ́ta yẹn bí ìgbà mẹ́wàá. Ara mi gbóná, ó tutù. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ ojú ìwé 6 yẹn. Bí mo bá ní àṣìṣe ni, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe, torí àwòrán wà níbẹ̀: àpótí mi, wáyà búlúù, ó gun ògiri, ó wọ yàrá kejì lọ bá ráútà. Èmi ni mo yà á. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni n kò dáhùn. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo ń ṣí i, mo ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Rédíò bàbá mi ló gbà mí.

Àgbàlagbà ni wọ́n, MW, ìgbì àárín orí rédíò, ni wọ́n fẹ́ràn láti máa gbọ́ lálẹ́. Rédíò wọn ti ń hó láti ìgbà tí mo gbé àpótí àkọ́kọ́ sí pálọ̀ láti dán an wò. Ó ń dún bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Bàbá, bátìrì rẹ̀ ló ti rọ̀." Wọ́n ra bátìrì tuntun, ó ṣì ń hó. Nígbà tó yá, wọn kò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n gbé rédíò wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Bí oṣù mẹ́fà ni. Mo ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́, mo ń sọ pé ẹ kú afẹ́fẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ìtìjú yẹn, mo gbé rédíò náà padà wá sí pálọ̀. Ó hó. Mo yọ ṣájà àpótí mi, ó dákẹ́. Mo ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀. Mo dá ṣájà padà, ariwo náà padà. Mo wá fi ṣájà sílẹ̀, mo yọ wáyà LAN nìkan, èyí tó gba orí ògiri lọ sí yàrá àbúrò mi, bíi mítà 15. Rédíò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n pálọ̀ dákẹ́. Mo ki wáyà mítà méjì inú páálí bọ ihò náà: ó hó díẹ̀, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Mo dá ti mítà 15 padà: ẹ̀fọn padà sínú ìgò. Mo gbé rédíò tẹ̀ lé wáyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ariwo náà sì ń bá mi lọ títí dé ẹnu ọ̀nà àbúrò mi.

Ìgbà náà ni ìbéèrè ọ̀dọ́ ẹnjiníà yẹn tó yé mi. Wáyà tó gùn ni eriali. Bí wáyà bá kúrú tó sì parí sínú fíríìjì, ariwo kékeré lórí rẹ̀ kò níbi tí ó ń lọ. Wáyà tó ń wọ inú ògiri lọ bá nẹ́tíwọ̀kì ilé, èmi tí mo ṣe ẹ̀rọ kò ní mọ bó ṣe máa gùn tó tàbí ẹni tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú rédíò. Ethernet onídẹ tó wọ́pọ̀ gba mítà 100. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń béèrè ohun tí pọ́ọ̀tù wà fún, tí wọn kì í wo wáyà tí o kó sínú páálí. Mítà méjì tèmi kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ra àpótí náà ní Ìsánlú máa lọ ra tirẹ̀ lọ́jà.

Mo dáhùn àjọ náà lọ́jọ́ kejì. Mo ní ojú ìwé 6 ni òótọ́, tábìlì ni mo kọ ní ìkọkúkọ, mo sì máa tún ìdánwò náà ṣe. N kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn máa dúró di oṣù kẹsàn-án.

Mo tún san owó. Wọ́n fi aworan ìwọ̀n àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kò yege. Òdiwọ̀n Class B fún pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ̀kì láti 0.5 MHz dé 30 MHz jẹ́ 74 dBµV (òṣùwọ̀n ariwo orí wáyà ni dBµV) tí a bá fi quasi-peak wọ̀n ọ́n, 64 tí a bá fi average, ọ̀nà ìwọ̀n méjì ni wọ́n. Tèmi ga dé 69 average lójú 1.2 MHz. Òpó ga lójú 800 kHz, òmíràn lójú 1.2 MHz, òmíràn lójú 1.6 MHz, wọ́n tò bí òpó iná lójú títì Ọbájànà. Mo mọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kọ́nfátà tó ń sọ 12 V di 3.3 V nínú bọ́ọ̀dù mi ń tan, ó ń kú ní ìgbà 400,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlọ́po rẹ̀ ni gbogbo wọn, ààyè MW lórí rédíò sì bẹ̀rẹ̀ láti bíi 530 kHz títí dé 1.6 MHz. Ariwo tí wọ́n fi dọ́là wọ̀n ní Ṣáínà, bàbá mi ti gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Níbi títún un ṣe, mo pàdánù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí òrùka ferrite, ẹyin dúdú tó máa ń wà lára wáyà kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Mo kan ọ̀kan mọ́ wáyà LAN, kò ṣe nǹkan kan. Mo kan mẹ́ta, rédíò ṣì ń hó. Wọ́n dára fún ariwo tó ga sókè, ní ọgọ́rùn-ún MHz àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú 1 MHz, bí wáyà bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, kò jọ ọ́ lójú. Òrùka ńlá tí mo wé wáyà mọ́ nígbà márùn-ún ló fi ìyàtọ̀ hàn, torí pé bí o bá wé e nígbà márùn-ún, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po 25. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ẹ̀rọ tó gbé irú gèlè bẹ́ẹ̀ lórí? Bí o bá sì fi ferrite yege ìdánwò, dandan ni kí o máa kó o sínú páálí fún oníbàárà pẹ̀lú.

Inú bọ́ọ̀dù ni àìsàn náà wà. Lẹ́yìn ihò LAN ni tiransifọ́mà kékeré máa ń wà. Mo ti da àwòrán tí gbogbo ayé ń dà kọ: résísítọ̀ 75 ohm láti àárín tiransifọ́mà, kí ó gba inú kápásítọ̀ 1,000 pF kan kọjá lọ sí ara irin àpótí. Ara irin àpótí! Oníke ni àpótí tèmi. Nígbà tí n kò rí irin, mo fi kápásítọ̀ náà kan ilẹ̀ bọ́ọ̀dù (ground), ní ẹ̀gbẹ́ kọ́nfátà gan-an, níbi tí ariwo ti pọ̀ jù. Mo fọwọ́ ara mi la títì fún ariwo, tààrà sórí wáyà.

Mo gé agolo bísíkíìtì. Mo fi síṣáàsì gé e pẹlẹbẹ, mo fi òkúta pọn etí rẹ̀ kó má gé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ bọ́ọ̀dù, mo sódà ìkarahun irin ihò LAN mọ́ ọn, mo gbé kápásítọ̀ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́nfátà wá sórí rẹ̀. Mo fi choke oníwáyà méjì, tó ń dí ariwo lọ́nà, sí ẹnu ọ̀nà 12 V. Mo tan rédíò. Mo kọ́kọ́ rò pé mo gbàgbé láti ki wáyà bọlẹ̀ ni, torí n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo ra irin gidi, mo tún bọ́ọ̀dù yà, mo gba Abújá fi ránṣẹ́.

Kí n tó fi í ránṣẹ́, mo ti gbọ́n díẹ̀. Mo wé wáyà mọ́ ferrite tó ṣeé ṣí tó sì ṣeé pa dé ní ìgbà mẹ́wàá, mo so ó mọ́ RTL-SDR, rédíò orí USB tí kò wọ́n yẹn, mo ń fi kan wáyà LAN. Kì í ṣe ohun tí a lè kọ sínú ìwé àṣẹ, kò lè sọ dBµV gidi, àmọ́ ó ń fi hàn bóyá tòní sàn ju tàná lọ. Ìyẹn tó fún ṣọ́ọ̀bù ní Kàbà.

Nǹkan méjì tún wà tí ilé-ìdánwò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì tí n kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kínní. Wọ́n ní Cat wo, ìyẹn ìpele wo, ni wáyà LAN tí mo kọ sínú ìwé ìlò? Àpótí tí wọ́n fi ń wọn ariwo náà, tí wọ́n ń pè ní AAN, máa ń ṣe bíi wáyà gidi, bí wáyà bá sì ti dára sí ni ètò rẹ̀ ń yí padà: 55 dB fún Cat 3, 65 fún Cat 5, 75 fún Cat 6. Mo ti kọ "wáyà nẹ́tíwọ̀kì tó dára" sínú ìwé ìlò. Tó dára báwo? Mo yí i sí Cat 5e. Wọ́n tún ní kí n fún àwọn ní ètò tí yóò mú kí ọ̀rọ̀ máa kọjá lórí wáyà náà nígbà ìdánwò, ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, fún 250 mílísẹ́kọ́ńdì ó kéré tán. Àpótí mi máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Òru mẹ́ta ni mo fi kọ ètò tí yóò mú un sọ̀rọ̀ bí aláròyé.

Ti ihò ṣájà kò ní wàhálà. Ṣájà tó bá ẹ̀rọ wá ni wọ́n ń wọ̀n, ní ẹ̀gbẹ́ tó kan iná NEPA, bí ẹni pé ara ẹ̀rọ ni. Ẹ má kàn yí ṣájà padà lẹ́yìn ìdánwò nítorí pé ẹnì kan ní ọjà ní èyí tó dín owó.

Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ti ń gbé tábìlì tiwọn wá bá mi. Ẹnì kan ní Ẹ̀gbẹ̀ ń ṣe kámẹ́rà tó ń gba iná láti inú wáyà LAN kan náà. Ó rò pé nítorí iná tó ń gba ibẹ̀, ihò iná ni. Rárá o, pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ̀kì ni, iná ibẹ̀ kò yí i padà. Ẹlòmíràn ní fáíbà ni òun ń lò, gíláàsì kì í gbé iná. Mo ní kó la wáyà náà: irin wà nínú rẹ̀ tó ń dì í mú kó má já, irin yẹn sì ni ìlànà náà ń wò. Ẹ̀kẹta ló fún mi ní ìṣòro gidi. RS-485 ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n oko ẹja mẹ́rin ló fi so pọ̀, ó ju mítà 600 lọ. Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, pẹ̀lú àwòrán, kó sì jẹ́ kí ilé-ìdánwò bá a jiyàn kó tó sanwó. Kó má ṣe bíi tèmi.

Lóṣù kẹsàn-án, 57 ni òpó 1.2 MHz jẹ́. Àjọ náà gbà á, wọ́n ra 140 dípò 200, nítorí pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, wọ́n ti fi owó ìyókù ra nǹkan mìíràn. N kò ráhùn.

Mo gbé rédíò bàbá mi padà sórí tábìlì pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà dé. Mo tan àpótí tuntun, mo ki wáyà mítà 15 bọ̀ ọ́, mo ní kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n yí i kiri láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

"Ó ti dákẹ́ lóòótọ́," ni wọ́n wí.

Wọ́n wá gbé e mọ́ abíyá, wọ́n padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mọ́ àwọn lára.